Ìyá Ọlọ́jà tí Ó Dúró ní Ẹ̀bá Ọjà Ọba

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ rán ènìyàn méje lọ sí ìlú Bìní láti lọ wo ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn ẹlẹ́gàrí wa ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn, pẹ̀lú iye tí wọ́n pè é fún wa. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ère obìnrin kan ni, tí a bá pàdé ní àárín ìlú náà, tí ó sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa méje kí á tó délé. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dáhùn rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbò.

BÍ A ṢE DÉ IBẸ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà Ìfọ́n ni a gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Bìní mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí; alága wa ti kìlọ̀ pé bí ó ti wù kí ọjà náà dùn tó, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀nà. Àwa tí a lọ nìyí: alága, akápò, àwa akọ̀wé yín, ẹlẹ́gàrí méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, àti ìyá àgbà kan láàárín àwọn ẹlẹ́pò wa, ẹni tí ó ti ń ná Bìní láti ìgbà tí àwa ṣì wà ní ilé ìwé, tí ó sì gbọ́ èdè Ẹ̀dó bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa, ó ní ọmọ iṣẹ́ òun tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í dé títí di agogo méjì ọ̀sán. Inú bí alága. Ìyá ẹlẹ́pò ní kí a má bínú, pé ẹni tí ó bá jókòó sójú kan ni oòrùn ń rí pa. Ó ní kí a jẹ́ kí òun mú wa rìn dé Ọjà Ọba, kí ojú wa lè rí nǹkan.

Bìní kì í kúkú ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ará Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ààfin Ọlọ́wọ̀ rí mọ̀ pé ùghà ni a ń pe àwọn àgbàlá inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní ààfin Bìní. Ìtàn sọ pé Osogboye, tí ó jọba Ọlọ́wọ̀, gbé ní ààfin Bìní nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó padà wálé wá jẹ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo sì wa ilẹ̀ ní Igbó 'Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1971, àwọn ère amọ̀ tí ó rí níbẹ̀ jọ ti Ifẹ̀, wọ́n sì tún jọ ti Bìní. Nítorí náà, nígbà tí a ń rìn lọ, ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹbí tí a ti pẹ́ tí a kò rí ni a ń lọ.

GBÀGEDE ỌBA

Bí ẹ kò bá tíì dé Bìní rí, ẹ fojú inú wo gbàgede kan tí ó rí róbótó bí agbada tí a fi ń yan gàrí, tí àwọn ọ̀nà ńláńlá láti gbogbo igun ìlú sì ń já sí i lẹ́tí: ọ̀nà Akpakpava, ọ̀nà Sapele, ọ̀nà Sakponba, àti àwọn mìíràn. Ọkọ̀ ń yí i po láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Ring Road. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí King's Square, ìyẹn Gbàgede Ọba. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ ní Gbàgede Ọba Ovonramwen. Ààfin Ọba kò jìnnà síbẹ̀ rárá, Ọjà Ọba sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí á sọ díẹ̀ nípa ọba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Ovonramwen gorí ìtẹ́ ní ọdún 1888. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣòro fún oníṣòwò láti mọ̀: ọba ni ó ń pàṣẹ lórí òwò epo àti eyín erin ní ilẹ̀ rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, wọ́n pa àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Bìní nígbà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tíì wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà. Iná jó ààfin. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin lọ sí òkè òkun, wọ́n sì rán Ọba lọ sí Calabar. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1914. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, jọba.

Ní àárín gbungbun gbàgede náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ni ó pẹ́ jù nínú wa nídìí àwọn ohun tí àwọn àgbẹ̀dẹ idẹ ṣe. Ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dà á. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi mọ àwòrán náà, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a gbé e sínú iná kí ìda yọ́ jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí méjì tí ó bára mu pátápátá. Àdúgbò Igun ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbé, láti ìran dé ìran ni wọ́n sì ti wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Akápò wa gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹgbẹ́ ti pẹ́ láyé ju ìwé òfin wa lọ."

Díẹ̀ nínú àwọn ẹrù tí wọ́n kó lọ náà ti ń padà wálé. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022, ìjọba Jámánì dá méjìlélógún padà fún Nàìjíríà. Ní ọdún 2025, ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà. Ó gba ọdún tí ó lé ní ọgọ́fà kí gbèsè náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í san, àmọ́ ẹni tí a jẹ ní gbèsè kò gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìyánilówó, ẹ ṣàkíyèsí èyí o.

EMOTAN

Nígbà tí a jáde, oòrùn ti mú. A sọdá títì pẹ̀lú ìṣọ́ra, a sì kọjú sí Ọjà Ọba. Ibẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́pò ti dúró, tí ó tẹ orúnkún díẹ̀, tí ó sì kí ère kan bí ẹni tí ń kí ìyá ọkọ. Ère obìnrin ni, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó dúró lórí ìpìlẹ̀ gíga, ọjà ń hó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A béèrè pé, "Ta nìyí, Màmá? Ayaba ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayaba kọ́ o. Ọlọ́jà bíi tèmi ni."

Ìyá kan tí ń ta ata nítòsí gbọ́ ohun tí a ń sọ, ó sì dá sí i. Òun ni ó sọ ìtàn náà ní èdè Ẹ̀dó, tí ìyá ẹlẹ́pò sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí.

Emotan ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Uwaraye ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ní abúlé Eyaen. Ó fẹ́ ọkọ ní Bìní, àmọ́ kò bímọ. Nígbà tí ó yá, ó fi ahéré kékeré kan ṣe ilé ní ẹ̀bá ọjà, ó sì ń ta ohun jíjẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń bọ̀ láti oko àti láti abúlé a máa gbé ọmọ pọ̀n wá sọ́jà. Ọmọ ń sunkún, oníbàárà ń pè, ẹrù ń bẹ lórí. Emotan a ní kí wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Òun a fún wọn ní oúnjẹ, a wẹ̀ fún wọn, a tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ kò yá, títí ìyá wọn yóò fi tajà tán. Ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Bìní a máa sọ pé ilé ìtọ́jú ọmọ tí ó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ àwọn ni ahéré yẹn.

Ní ayé rẹ̀, ọmọ ọba kan wà tí ó ń jẹ́ Ogun. Wọ́n ti lé e kúrò nílùú, àbúrò rẹ̀, Uwaifiokun, sì wà lórí oyè. Ogun a máa yọ́ wọ ìlú lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wá a láti pa á. Àmọ́ ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá ọjà, gbogbo ọ̀rọ̀ ní í gba etí rẹ̀ kọjá. Emotan ni ó ń ta á lólobó nígbà tí ewu bá ń bọ̀, òun náà ni ó fi í pamọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1440, Ogun gba oyè padà, ó sì jọba pẹ̀lú orúkọ Ewuare. Kò sí ọmọ Ẹ̀dó tí kò mọ Ewuare. Òun ni wọ́n sọ pé ó tún ìlú Bìní tò, tí ó la àwọn ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì mú kí agbára rẹ̀ tàn kálẹ̀.

Nígbà tí Emotan kú, Ewuare kò gbàgbé rẹ̀. Ojú ibi tí ó ti ń tajà gan-an ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì gbin igi síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjòyè tí ń jó yí ìlú ká àti àwọn tí ń ṣe òkú àgbà a máa yà síbẹ̀ láti bọlá fún un. Igi ni ó dúró fún un fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí igi náà kò sí mọ́, Ọba Akenzua Kejì ní kí wọ́n mọ ère. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Danford ni ó mọ ọ́n, wọ́n sì gbé e lọ sí Lọ́ndọ̀nù láti fi idẹ dà á. Ní ọjọ́ 20, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1954, Ọba Akenzua ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Alága wa ní kí á má rò pé Bìní nìkan ni ó mọ iyì obìnrin. Ó ní àwa náà ní Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rerengejen, tí a ń ṣe ọdún Ìgògò nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà ọdún yẹn, ìlù kì í dún ní Ọ̀wọ̀, agogo ni a ń lù, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a sì di irun, a múra bí obìnrin. Akápò náà mú ọ̀rọ̀ Ìta Tinúbú wá, ní Èkó, níbi tí orísun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì fún ìlú náà ní ọdún 1960 wà. Ó ní ọlọ́jà ni Tinúbú náà, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn ọba ń fi ẹ̀yìn tì í.

Ìyá ẹlẹ́pò ní, "Ẹ dákun, kí ni Tinúbú ń tà?"

Akápò dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Iyọ̀. Tábà. Ìbọn." Kò fẹ́ parí rẹ̀.

Àwa akọ̀wé ni a bá a parí rẹ̀: ó ta ẹrú pẹ̀lú. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856. Abẹ́òkúta ni ó lọ, ó sì ran àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nígbà tí Dàhòmì gbógun tì wọ́n ní ọdún 1864, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Ènìyàn ńlá ni, kò sí àníàní. Àmọ́ Ìyá ní, "Èyí tó wà níwájú wa yìí ńkọ́? Kí ló tà? Kò lówó, kò bímọ. Ó kàn ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ ni. Ẹgbẹ̀ta ọdún rèé, ó ṣì dúró síbí."

LẸ́TÀ TÍ A KỌ

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá kọjú sí wa. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí ọmọ yẹn, àbí?"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tí ó ń wí. Kí á tó sọ ọ́ fún yín, a ti lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ náà nílé, a sì ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní í dárúkọ rẹ̀.

Abiyamọ kan ni, ó ń ta tòmátì àti ata. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì ń san án bí ó ti yẹ fún oṣù méje gbáko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ní ọjọ́ ọjà kan, bí ó ti ń wọn tòmátì fún oníbàárà, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì rá jáde lábẹ́ tábìlì, ó bọ́ sójú títì, ọ̀kadà sì gbá a. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí kò bọ́. Apá ni ó ṣẹ́. Ìyá ọmọ náà kò padà sọ́jà fún oṣù mẹ́ta. Iwájú ilé ni ó pàtẹ sí, ẹ sì mọ iye tí ènìyàn ń tà níwájú ilé. Kò lè san owó oṣù mẹ́ta yẹn.

Àwa ni a kọ lẹ́tà sí i. Òfin ẹgbẹ́ ni a tẹ̀ lé, a kò yà sọ́tùn-ún, a kò yà sósì. A bù ú ní owó ìtanràn. Ó yọ ọ́ nínú ìfowópamọ́ rẹ̀, ó san án, kò sì wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà. A gbọ́ pé apá ọmọ náà ti jinná.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe lẹ́tà náà. Kí ìjàǹbá yìí tó ṣẹlẹ̀ rárá, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ti dìde ní ìpàdé gbogbogbò, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ran àwọn lọ́wọ́ láti kọ́ àtíbàbà kan ní ọjà, kí á sì fi ẹni méjì síbẹ̀ tí yóò máa bá wọn mójú tó ọmọ ní ọjọ́ ọjà. Nígbà tí a padà délé láti Bìní, a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni pé: "Ìgbìmọ̀ dáhùn pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́." Ìlà kan ṣoṣo. Ọwọ́ wa ni a fi kọ ọ́. A rántí pé a tilẹ̀ yára kọ ọ́ kí á lè kan ọ̀rọ̀ mìíràn.

ÀRÍYÀNJIYÀN INÚ ỌKỌ̀

A rí ẹ̀rọ náà níkẹyìn, a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì gbéra kí agogo mẹ́rin tó lù. Ọ̀rọ̀ àtíbàbà ni a ń sọ títí a fi dé Ìfọ́n. Kí ẹ má baà rò pé gbogbo wa fẹnu kò, a ó sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí.

Akápò kò fara mọ́ ọn, àwíjàre rẹ̀ sì lágbára. Ó ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tàbí ẹni tí kò bí rárá, kí ni yóò jẹ nínú rẹ̀? Ó tún ní bí ọmọ kan bá fara pa lábẹ́ àtíbàbà wa, ta ni wọn yóò mú? Ó ní lónìí, àwọn ìyá ń bẹ̀ wá. Lọ́jọ́ náà, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn yóò gbà lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́gàrí dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tí a wá wò yìí ńkọ́, ṣé ẹlẹ́pò yóò fi rin ẹ̀gẹ́ ni? Síbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò rà á. Ó ní ohun tí ẹgbẹ́ ń rà kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn yóò lò, bí kò ṣe ohun tí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó yáwó lè san án padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa ronú bí oníṣirò. Ẹni tí kò bá lè dé ọjà kò lè tà. Ẹni tí kò tà kò lè san. Ẹni tí kò san, ẹgbẹ́ ni ó ń jẹ gbèsè náà. Lẹ́yìn tí a délé, a yẹ ìwé ìyánilówó wò ní orúkọ dé orúkọ. A rí i pé abiyamọ yìí nìkan kọ́ ni ó ti dá owó dúró nítorí ọmọ kékeré. Iye wọn àti iye owó tí ó há sí wọn lọ́wọ́ wà nínú ìwé ìṣirò tí a ó kà fún yín ní ìpàdé.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí á wo ìpìlẹ̀. Àwọn ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844, ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ìdílé wọn nílò nìyẹn. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n èké àwọn arakòkó ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ẹgbẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí bàtà ti ń ta ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Nínú ìlànà méje tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1995, èkeje ni àníyàn fún àwùjọ. Ìwé ìlànà náà wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni a jókòó sí tí a fi kọ ìlà kan yẹn.

Alága kò tíì sọ ibi tí òun wà. Ohun tí ó wí nígbà tí a ń wọ ìlú ni pé, "Ẹ gbé e lọ síwájú àwọn tó ni ẹgbẹ́." Ohun tí a ń ṣe nìyí.

OHUN TÍ A Ó GBÉ SÍWÁJÚ YÍN

Ìkíní: kí ẹgbẹ́ kọ́ àtíbàbà kan ní ọjà, tí yóò ní ọgbà yíká àti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí kò sì ní í kọjú sí títì. Àwọn káfíńtà méjì nínú ẹgbẹ́ ti ní àwọn kò ní í gba owó iṣẹ́, igi àti páànù nìkan ni a ó rà. Èrè tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí òfin ní kí á fi pamọ́ ni a ó ti mú un. A kò ní í fọwọ́ kan àpò ìpamọ́, a kò sì ní í fọwọ́ kan ìfowópamọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì: kí á fi ìyá àgbà méjì síbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn tí ó bá gbé ọmọ wá máa dá owó díẹ̀ fún wọn. Kí ìwé wà níbẹ̀, kí orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá wà nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó gbé ọmọ wá nìkan ni yóò gbé e lọ. Èyí ni ìdáhùn wa sí ẹ̀rù tí ń ba akápò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Ẹ̀kẹta: kí á dá owó ìtanràn abiyamọ yẹn padà sínú ìfowópamọ́ rẹ̀, kí á sì tún òfin ẹgbẹ́ ṣe, kí ìgbìmọ̀ lè fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá bá ìdílé rẹ̀, kí wọ́n tó bù ú ní ìtanràn. Àwa akọ̀wé ti bẹ̀ ẹ́ fúnra wa. Ó gba ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò wá sí ìpàdé. A kò lè dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fara mọ́ ọn, ẹ má jókòó sílé. Ẹ wá, kí ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, a ó sì kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní í jẹ́ ìlà kan.

Ní ìparí, bí ẹ bá lọ ná Bìní, ẹ yà sí Ọjà Ọba. Kò gba àkókò. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń sọdá, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá aláta tí ó sọ ìtàn fún wa ń bá oníbàárà ná ọjà lọ́wọ́. Ọmọ kékeré kan jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí lu agolo. A bi í pé ṣé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní rárá o, ti ẹlẹ́ja tó wà lọ́hùn-ún ni.

Àwa ni,
Akọ̀wé yín.